Ọlọ́sìn màlúù tó kọ́kọ́ béèrè nípa epo Teapot Dome

Bí wọ́n bá dárúkọ Teapot Dome, ilẹ̀ epo ìjọba ní Wyoming tó dá rògbòdìyàn rìbá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Albert Fall, mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba, tó gba rìbá, àti Sẹ́nétọ̀ Thomas Walsh tó tú àṣírí rẹ̀ ni wọ́n máa ń rántí. John Kendrick tó kọ́kọ́ la ẹnu sí ọ̀rọ̀ náà ní Sẹ́nétì, díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Texas ni wọ́n bí i sí ní 1857. Ọmọ òrukàn ni, ìwé tó kà ò sì tó nǹkan. Ní 1879, ó bá wọn da agbo màlúù láti Texas dé Wyoming, ó sì fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ọmọ Charles Wulfjen, ọ̀gá tó ń da màlúù fún, òun náà sì di ọlọ́sìn ńlá tí ilẹ̀ ìjẹko rẹ̀ dé Montana. Bó ṣe dé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ nìyẹn, ó di gómìnà ní 1915, ó sì bọ́ sí Sẹ́nétì ní 1917.

Ní oṣù Kẹrin 1922, ó gbọ́ láti ilé pé wọ́n ti yọ́ gbé ilẹ̀ epo Teapot Dome fún olówó epo kan, Harry Sinclair, láìjẹ́ kí ẹlòmíì dá iye lé e. Ìpamọ́ ọkọ̀ ogun ojú omi ni epo yẹn o! Ó béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Fall, wọn ò fún un lésì gidi. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ó ní kí Sẹ́nétì fọwọ́ sí i kí mínísítà wá ṣàlàyé. Kí oṣù tó parí, Sẹ́nétọ̀ La Follette ti gba àṣẹ ìwádìí, Walsh sì ni iṣẹ́ náà já lé léjìká.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọlọ́sìn ni Fall náà, ní New Mexico. Owó orí ilẹ̀ tó ti ń jẹ láti ọdún gbọ́nhan, ó ṣàdédé san án. Màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin dé láti ọ̀dọ̀ Sinclair. Ó tún ra ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ta ni kò ní rí i? Ohun tí ará àdúgbò fojú rí ni wọ́n wá sọ níwájú Walsh, títí wọ́n fi kan $100,000 tí olówó epo mìíràn, Edward Doheny, kó ránṣẹ́ sí i nínú àpò dúdú. Wọ́n dá Fall lẹ́bi ní 1929, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n ní 1931.

Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba ilẹ̀ epo náà padà fún ìjọba. Lọ́dún yẹn kan náà, nínú ẹjọ́ kan tó ti inú rògbòdìyàn yìí jáde, ó dájọ́ pé àwọn aṣòfin lè fi dandan pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí.