Wáṣà inú ọ̀bẹ kíká

Wáṣà inú ọ̀bẹ kíká ni pẹlẹbẹ irin tàbí ike rìbìtì tó ní ihò láàárín, tí a máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìdí irin ọ̀bẹ, níbi tí bóòtù ti gba inú irin náà kọjá sínú èèkù. Òun ni kì í jẹ́ kí irin máa họ ara èèkù bí a ti ń ṣí ọ̀bẹ tí a sì ń pa á dé, òun náà ni kì í jẹ́ kí irin máa mì lọ mì bọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ kíká ló ní in. Opinel, tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Savoie, ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1890, kò lo wáṣà. Ara igi èèkù gan-an ni irin ti ń yí, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń ṣòroó ṣí bí omi bá kàn án tí igi sì wú.

Láàárín àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe ọ̀bẹ kíká, phosphor bronze ló gbajúmọ̀ jù. Bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á wá fi tánganran díẹ̀ sí i, nǹkan bíi 5% nínú oríṣi tí wọ́n ń pè ní C51000, àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bín-ín-tín. Irin ọ̀bẹ tí wọ́n ti yan nínú iná tí wọ́n sì ti rì bọ òróró sábà máa ń le tó 58 sí 62 lórí òṣùwọ̀n Rockwell C. Bronze rọ̀ jù ú lọ dáadáa, nítorí náà bí nǹkan kan yóò bá gbó, wáṣà ni, kì í ṣe ọ̀bẹ. Síbẹ̀ kò rọ̀ débi tí yóò fi tẹ̀ bí a bá fún bóòtù. Bí ó ti ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ojú rẹ̀ ń dán sí i. Ọ̀bẹ kíká Sebenza tí Chris Reeve, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó kó lọ sí Idaho ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ wáṣà bronze: wáṣà rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì lu ihò sí i lára kí gíríìsì lè rí ibi dúró sí. Idẹ lásán, tó jẹ́ bàbà àti síńkì, rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbó.

Téfúlọ́ọ̀nù, irú ike kan tí Roy Plunkett ṣàwárí ní iléeṣẹ́ DuPont ní 1938, ń yọ̀ kódà láìsí òróró. Àléébù rẹ̀ ni pé bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó máa ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bóòtù tí a fún dáadáa lónìí á ti dẹ̀ tó bá yá. Náílọ́ọ̀nù le jù ú lọ, àmọ́ ó ń fa omi mu, ó sì lè wú.

A kì í fi titanium, irin líle tó fúyẹ́, ṣe wáṣà. Bí ó bá ń yí lára irin, wọn a máa lẹ̀ mọ́ra, wọn a sì máa ya ara wọn. Nítorí èyí gan-an ni ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ titanium fi nílò wáṣà jù.

Àwọn mìíràn a máa lo béárìn. Flavio Ikoma, ará Brazil, àti Rick Lala ló ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní IKBS (Ikoma Korth Bearing System), níbi tí bọ́ọ̀lù kéékèèké ti ń yí nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí bóòtù ká. Ó ń ṣí wìì. Ṣùgbọ́n iyanrìn tètè ń kó sí i, bí bọ́ọ̀lù bá sì ń yí lórí titanium, á gbẹ́ ojú rẹ̀, àfi tí a bá fi pẹlẹbẹ irin líle sí i lábẹ́.

Ní tòótọ́, ohun tí wọ́n fi ṣe wáṣà kì í ba ọ̀bẹ jẹ́ tó bí wáṣà tí kò tẹ́jú ti ń bà á jẹ́. Èyí tí ẹ̀rọ gé máa ń ní etí mímú tó yọ sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, etí yẹn nìkan ló sì máa ń kan irin. Oníṣẹ́ á tẹ́ sáńdípépà oní 600 tàbí 1000 sórí gíláàsì tó nípọn, á ta òróró díẹ̀ sí i, á fi ìka kan tẹ wáṣà mọ́lẹ̀, á sì máa fà á bí ẹni ń kọ 8. Ibi tó ga á kọ́kọ́ dán, ibi tó jìn á ṣì ṣú. Kò ní dáwọ́ dúró títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni yóò fi micrometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nínípọn, wọn ọ̀tún àti òsì. Bí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì lọ, irin ọ̀bẹ kò ní dúró sí àárín èèkù. Bí ọ̀bẹ bá ń há nígbà tí a fún bóòtù, tó sì ń mì nígbà tí a tú u díẹ̀, wáṣà ni kò tẹ́jú tàbí kí ihò bóòtù wọ́. Téfúlọ́ọ̀nù lè bo irú àléébù bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í pẹ́ tú.

Nínípọn wáṣà sábà máa ń wà láàárín 0.25 sí 0.5 mìlímítà, ó sì kan nǹkan mìíràn. Nínú ọ̀bẹ oní liner lock, èyí tí pẹlẹbẹ irin kan nínú èèkù rẹ̀ ń ti ọ̀bẹ náà pa bí a bá ṣí i, bọ́ọ̀lù kékeré kan lára pẹlẹbẹ náà ló ń wọ ihò lára irin ọ̀bẹ kí ó má baà ṣí nínú àpò. Ẹni tó bá fi wáṣà 0.5 rọ́pò 0.25 ti sún bọ́ọ̀lù náà sẹ́yìn, kò sì ní wọlé tó bó ṣe yẹ mọ́. Nítorí náà wọ́n máa ń yan wáṣà kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù sí i.