Kí ni infomercial? Olóògùn inú bọ́ọ̀sì tó wọnú tẹlifíṣọ̀n

Aago kan òru ni iná sábà máa ń dé ládùúgbò wa ní Òkè-Báálẹ̀, nílùú Òṣogbo. Bó bá ti dé báyìí, gbogbo ilé á jí. Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ á máa lọ̀ ọ́, ẹni tó fẹ́ fa omi á tan ẹ̀rọ, èmi á tan tẹlifíṣọ̀n, kí n lè rí díẹ̀ jẹ nínú owó dekódà tí mo san. Kí ni mo máa ń bá níbẹ̀? Obìnrin òyìnbó kan tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín sí tòmátì. Ó gé tòmátì, ó gé bàtà, ó gé agolo, ó tún padà wá gé tòmátì. Mo yí ìkànnì: ọkùnrin kan ń de ìgbànú mọ́ ikùn, ó ní ọ̀rá á yọ́ dànù lórí ìjókòó. Mo tún yí i: páànù. Kí wọ́n tó ta páànù tán, iná ti lọ.

Ohun tí wọ́n ń pè ní infomercial nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n so pọ̀, èyí tó jẹ mọ́ ìsọfúnni àti èyí tó jẹ mọ́ ìpolówó. Ìpolówó ni, àmọ́ ó gbé agbádá ètò wọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ mọ́tò rí ní Old Garage ti rí infomercial kó tó ra tẹlifíṣọ̀n. Kí mọ́tò tó kún, olóògùn ti dìde dúró láàárín ìjókòó. Kò ní í mú oògùn jáde o. Àdúrà ló máa kọ́kọ́ gbà: “Ẹ ò ní í rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.” Gbogbo wa á ṣe àmín, àbí ta ni ò ní í ṣe àmín sírú àdúrà yẹn? Bí ẹ bá sì ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti di ìjọ rẹ̀. Yóò wá bi yín bóyá ẹ̀yìn máa ń ro yín láàárọ̀. Yóò ṣàlàyé jẹ̀díjẹ̀dí bí ẹni tó kàwé ìṣègùn. Ẹnì kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn á ní òun ti lo oògùn náà, òun rí iṣẹ́ rẹ̀. (Ẹ wò ó dáadáa, òun àti olóògùn ló máa jọ sọ̀ kalẹ̀.) Ìgbà tí ọkàn yín bá ti rọ̀ tán ni iye owó ń jáde: “Ní ṣọ́ọ̀bù, ₦3,000 ni. Ẹ má san 3,000. Ẹ má san 2,000.”

Ẹ gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi aṣọ funfun dókítà àti èrò tó ń pàtẹ́wọ́ kún un, ó parí. Àdúrà nìkan ni wọ́n yọ kúrò. Dípò rẹ̀, ìyà ni wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn yín: obìnrin kan ò lè gé àlùbọ́sà, ọbẹ̀ ń dà sílẹ̀, ọmọ ń ké, àwòrán náà á sì dúdú á funfun, bí ẹni pé kí ọjà yẹn tó dé, kò sí àwọ̀ kankan láyé. Ọjà á dé, àwọ̀ á dé. Aago á máa ka ìṣẹ́jú tó kù ní ìsàlẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ pè kíákíá kó má baà tán. Aago yẹn ni mo kórìíra jù. Kò sí nǹkan kan tó ń tán. Lálẹ́ ọ̀la, aago náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1984 ni FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, mú gbèdéke kúrò lórí iye ìṣẹ́jú tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè fi polówó ọjà. Láti ìgbà náà ni ìpolówó ti gùn di ètò. Ìṣẹ́jú 28 àti ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kó lè wọ ààbọ̀ wákàtí, kí díẹ̀ sì ṣẹ́kù fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Kí ló wá dé tó jẹ́ òru? Owó ni. Ìkànnì tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi dí wákàtí 24. Owó ni wọ́n fi ń ra fíìmù, owó ni wọ́n fi ń ra bọ́ọ̀lù. Tó bá di òru tí ojú kéré nídìí tẹlifíṣọ̀n, àwọn iléeṣẹ́ ńlá kì í fẹ́ ra àkókò yẹn. Ẹni tó ń ta ọ̀bẹ ló máa rà á, torí ó pọ́ọ́kú, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe fíìmù rẹ̀ wá. Ìkànnì ò náwó, ó tún gbowó. Àwọn tó ṣe ìṣirò yìí gbà pé gbogbo ayé ti sùn ní aago kan. Wọn ò mọ̀ pé ní Òṣogbo, ìgbà yẹn gan-an nilẹ̀ ń mọ́ fún àwa tó ń retí iná.

“Ṣebí mo ti sanwó, kí ló dé tí wọ́n tún ń polówó fún mi?” Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ ò sì dùn. Owó oṣù tí à ń san, owó géètì ni. Ó ní kí ẹ wọlé. Kò ní kí wọ́n má kiri ọjà fún yín nínú ọgbà, àfi tí iléeṣẹ́ dekódà bá ti ṣèlérí lẹ́nu ara wọn pé kò ní í sí ìpolówó. Ohun tí ẹ lè di mú ni pé kí ohun tí ẹ sanwó fún pé. Òfin ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó dára, ó sì ní kí ìwé tí wọ́n bá kọ fún un yé e yékéyéké. Ní tèmi o, tí wọ́n bá ní ìkànnì 80 ni mo rà, tí mẹ́ta nínú rẹ̀ ń ta páànù láti àárọ̀ dalẹ́, 77 ni mo rà. Kí wọ́n kọ 77 síbẹ̀.

Àjọ NBC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, náà ní ìlànà pé ìpolówó gbọ́dọ̀ hàn pé ìpolówó ni, kó má fara jọ ètò. Ẹ máa wo igun tẹlifíṣọ̀n yín dáadáa, lẹ́tà tó kéré bí eèrà ló máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n rí páànù kan lóru, ẹyin ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ kẹta, ọmọ kan gbé ọ̀kadà pàdé wọn ní Ọláìyá, páálí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣí i. “Mọ́mì, ẹ sanwó ná kí ẹ tó ṣí i. Ọ̀gá wa ò gbà.” Wọ́n sanwó. Nílé, ẹyin àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ páànù bí ìwé ìpolongo ìbò ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n pe nọ́ńbà yẹn, kò wọlé mọ́. Ni inú bá bí wọn, wọ́n pe iléeṣẹ́ dekódà, wọ́n fi gbogbo ìbínú wọn sórí ọmọbìnrin tó gbé fóònù.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ẹni tó ta géètì fún yín kọ́ ló ta páànù. Ẹni tó ta páànù ni ẹ máa kọ́kọ́ dì mú, òfin 2019 yẹn sì fún yín lágbára tó pọ̀ lórí rẹ̀. Abala 122 sọ pé tí ẹ kò bá láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e fún yín, tí ọjà náà ò sì rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ẹ lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu, kí ẹ sì gba gbogbo owó yín padà. Ẹ tún un kà: gbogbo owó. “Ọ̀gá wa ò gbà” kì í ṣe òfin. Kódà, kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ kí ẹ ṣí páálí ló ń gbe ẹjọ́ yín. Àmọ́ ẹ má fi í dín ẹyin fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó rántí pé ó ń lẹ̀. Abala 123 ní tirẹ̀ ka ìpolówó tó ń tan oníbàárà jẹ léèwọ̀, ẹyin tó ń yọ̀ náà wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ oògùn, oúnjẹ tàbí ìpara, nọ́ńbà NAFDAC lẹ́ kọ́kọ́ máa wá. Bó bá jẹ́ àgbo inú ìgò, ẹ ka ara rẹ̀, ẹ máa rí i nígbà púpọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Lẹ́nu ọkùnrin orí tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo gbogbo ẹ̀. Lára ìgò, kò dá wọn lójú.

Àjọ FCCPC ni òfin 2019 yẹn gbé kalẹ̀ láti gba ẹ̀sùn. Abala 146 jẹ́ kí ẹ yan ọ̀nà: ẹ lè lọ bá ẹni tó tà á, ẹ lè lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sì lè kọjá tààrà sọ́dọ̀ FCCPC. Ohun tí wọ́n máa bi yín kò ju ẹ̀rí lọ. Nítorí náà, ẹ fi fóònù ya ìpolówó náà bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, kí ọjọ́ àti orúkọ ìkànnì hàn. Ẹ má da páálí nù. Ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, kí àlàáàtì wà. Tó bá jẹ́ pé rand, owó South Africa, ni wọ́n kọ sójú tẹlifíṣọ̀n, tí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú òkèèrè, ẹ yí ìkànnì. Ẹ̀tọ́ yín ò kú, ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ lọ dì mú?

Ẹ̀gbọ́n mi ti da páálí tiwọn nù. Àlàáàtì báńkì àti nọ́ńbà tí kò wọlé mọ́ ló kù lọ́wọ́ wọn, òun la sì fi kọ ẹ̀sùn. Mo ní kí wọ́n gbé páànù náà sápá kan, kí wọ́n má lò ó mọ́, kí ẹjọ́ má baà bàjẹ́. Wọn ò gbọ́. Ẹ̀pà ni wọ́n fi ń yan báyìí. Ẹ̀pà ò lẹ̀ mọ́ ọn.