Ọjọ́ Wo Ni Àyẹ̀wò Lè Rí Oyún?

Kì í ṣe ọmọ ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ìtọ̀ ṣe ń wá kiri. Hòmóònù kan tí wọ́n ń pè ní hCG ló ń wá, kò sì sí bí hCG yìí ṣe lè tó nǹkan nínú ara títí oyún á fi lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọmọ. Ìdí nìyí tí obìnrin fi lè lóyún lóòótọ́, kí àyẹ̀wò sì ní kò sí oyún.

Ọjọ́ tí ẹyin jáde ni kí á ti máa ka ọjọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí tọkọtaya bá ara wọn sùn, torí àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún bí ọjọ́ 5 kó tó pàdé ẹyin. Tí wọ́n bá ti pàdé, ẹyin náà á máa pín sí méjì, sí mẹ́rin, bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ oyún máa ń lẹ̀ láàárín ọjọ́ 8 sí 10 lẹ́yìn tí ẹyin jáde. Ti ẹlòmíràn ń yá ní ọjọ́ 6, ti ẹlòmíràn ń pẹ́ di ọjọ́ 12. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa di ibi ọmọ ló ń ṣe hCG, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán an kò kéré. Ojú ibi tí ẹyin ti jáde ló ń lọ bá, pé kó má dáwọ́ ṣíṣe hòmóònù mìíràn tí wọ́n ń pè ní progesterone dúró, nítorí progesterone ni kì í jẹ́ kí ara ilé ọmọ ya dànù. Bí iṣẹ́ yẹn kò bá débẹ̀ lásìkò, nǹkan oṣù á dé.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, hCG máa ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Ká ní òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3 lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́rú á di 6, lọ́jọ́ Ẹtì 12, lọ́jọ́ Àìkú 24, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun 48. Púpọ̀ nínú àyẹ̀wò tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ nílé kì í rí i àfi tó bá ti tó bíi 25. Obìnrin tó yẹ ara rẹ̀ wò lọ́jọ́ Ẹtì á rí ìlà kan, ìyẹn ni pé kò sí oyún, ọkàn rẹ̀ á sì bàjẹ́. Oyún kan náà yìí á fún un ní ìlà méjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń rí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó fi ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ti ìtọ̀. Ìtọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, torí ó ti kó jọ látòru. Kí ẹni tó ń kánjú má ṣe mu omi púpọ̀ kí ìtọ̀ lè yá: omi yẹn gan-an ló ń la hCG inú ìtọ̀.

Lórí pépà àyẹ̀wò, ìtọ̀ á máa fà lọ, á gbé èròjà aláwọ̀ tó ń di hCG mú dání. Bó bá dé ojú ìlà àkọ́kọ́, èròjà mìíràn tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́bẹ̀ á tún gbá hCG náà mú, àwọ̀ á sì hàn. Ìlà kejì kàn ń fi hàn pé pépà náà ṣiṣẹ́ ni. Tí òun kò bá jáde, àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Ìlà tó ní àwọ̀, bó ti wù kó ṣá tó, ìlà ni, tó bá ti jáde láàárín ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí. Òjìji eérú tó yọ lẹ́yìn wákàtí kan, gbígbẹ ìtọ̀ ló fà á.

Ọjọ́ tó yẹ kí nǹkan oṣù dé tí kò dé ni kí á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dúró lójú kan lè ka ọjọ́ 21 láti ìgbà tó bá ọkùnrin sùn kẹ́yìn láìlo ìdáàbòbò. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ hCG nítorí ìtọ́jú àìríbí ní láti dúró dìgbà tí dókítà bá dá fún un, torí abẹ́rẹ́ náà lè mú ìlà jáde láìsí oyún.

Ìlà méjì pẹ̀lú inú rírun lápá kan, ẹ̀jẹ̀ dídà tàbí òòyì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Oyún tó lẹ̀ síta ilé ọmọ náà ń ṣe hCG, àmọ́ ó sábà máa ń lọ sókè lọ́ra. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lónìí, tó sì tún ń gbà á lẹ́yìn wákàtí 48, tí á fi èkíní wé èkejì.