Bí aràn inú àpò omi ṣe fara hàn

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ àpò omi tó máa ń hù sínú ẹ̀dọ̀. Ó wà nínú àwọn ìwé Hippocrates, ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, pé bí ẹ̀dọ̀ bá kún fún omi tó sì bẹ́ sínú ikùn, aláìsàn yóò kú. Àwọn apẹran náà ń rí i lára màlúù àti àgùntàn. Àwọn kan ní kókó ni, àwọn kan ní omi ara ló rọ́ jọ. Pé ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ló wà nínú rẹ̀, kò wá sí wọn lọ́kàn.

Francesco Redi, ará Ítálì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fura, ní ọdún 1684. Ní 1766, Peter Simon Pallas sọ pé àwọn àpò wọ̀nyí bá aràn pẹlẹbẹ inú ìfun tan. Johann August Ephraim Goeze, pásítọ̀ ará Jámánì, ló wá fi ojú rí i ní 1782: ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ohun tó wà nínú àpò, ó sì bá àwọn orí tín-ín-tìn-ìn-tín níbẹ̀, ìkọ́ wẹẹrẹ yí wọn ká, ẹnu ìfàmu mẹ́rin-mẹ́rin lára wọn. Orí aràn pẹlẹbẹ gan-an nìyẹn.

Kí orí jọ orí kò tíì tó ẹ̀rí. Ní nǹkan bí ọdún 1852, Carl von Siebold fi àpò omi tó yọ lára ẹran ọ̀sìn bọ́ ajá. Nígbà tó la ìfun àwọn ajá náà, aràn kéékèèké ló kún ibẹ̀, gígùn wọn kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Ní 1863, Bernhard Naunyn fi àpò tó yọ lára ènìyàn bọ́ ajá bákan náà, àbájáde rẹ̀ kò yàtọ̀. Ní ti aràn ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹn aràn pẹlẹbẹ mìíràn tí òun náà ń ṣe àpò, Friedrich Küchenmeister fi àpò aràn inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú oúnjẹ ọ̀daràn kan tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á, ó bá ọmọ aràn nínú ìfun rẹ̀. Ó tẹ ìròyìn náà jáde ní 1855. Ẹ̀rí náà múlẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tó gbà rí i burú lójú tèmi: ẹni tó ń dúró de ikú kò ní agbára láti kọ̀.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ibi tí àwọn aràn méjèèjì yìí kì í sábà dé ló kọ́ wa jù. Ẹ wo ojú. Ẹ̀dọ̀ fara pamọ́ sínú ikùn, ọpọlọ sínú agbárí, ojú ló ṣeé wò láìlo abẹ. Ní nǹkan bí 1830, Soemmerring ní Jámánì ròyìn aràn ẹlẹ́dẹ̀ tó wà láàyè nínú ojú ènìyàn. Nígbà tí Helmholtz wá ṣe awò tí a fi ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú ní 1851, Albrecht von Graefe, oníṣègùn ojú, rí púpọ̀ irú rẹ̀ ní Berlin: àpò funfun róbótó tí ń mì, tí orí aràn ń yọ jáde lára rẹ̀, tó tún ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá rí èyí kò tún lè pè é ní kókó mọ́.

Ọ̀nà tí ẹyin aràn ń gbà ló jẹ́ kí ibì kan wọ́pọ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹyin aràn ajá, ìyẹn aràn kéékèèké tí Siebold rí nínú ìfun ajá, tí ènìyàn bá gbé mì á pa nínú ìfun, ọmọ aràn á fi ìkọ́ rẹ̀ gún ògiri ìfun, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀. Nǹkan bí 70 nínú 100 ló ń há síbẹ̀. Nǹkan bí 20 á dé ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn díẹ̀ tó bá kọjá ló ń bọ́ sí ọkàn, kíndìnrín, iṣan ẹran ara, ọpọlọ, ojú àti egungun. Ti aràn ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó jẹ ẹran tí kò jinná yóò ní aràn gígùn nínú ìfun ni, ẹyin tó bá ìgbẹ́ ènìyàn jáde, tí ẹnìkan tún gbé mì, ló ń di àpò sínú ọpọlọ, tí ó sì ń fa wárápá.

Ní ti aràn ajá, egungun ló burú jù. Níbòmíràn, ara á fi awọ líle yí àpò náà ká, á sì máa dàgbà ní róbótó. Nínú egungun, kò sí àyè fún irú awọ bẹ́ẹ̀. Ṣe ni aràn náà ń yọ́ wọ àwọn ihò wẹẹrẹ inú egungun, tí ó ń jẹ ẹ́ láti inú, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kí ẹsẹ̀ tó ṣàdédé kán tàbí kí egungun ẹ̀yìn tó wó. Títí di òní, ó ṣòro fún oníṣẹ́ abẹ láti kó gbogbo rẹ̀ tán.

Ní 1901, Félix Dévé, ará Faransé, tún fi ọ̀nà mìíràn hàn: bí àpò bá bẹ́, àwọn orí wẹẹrẹ tó dà jáde lè di àpò tuntun níbi tí wọ́n bá bọ́ sí. Abẹ tí kò ṣọ́ra lè tipa bẹ́ẹ̀ gbin aràn káàkiri inú ikùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní albendazole, oògùn aràn, ṣáájú iṣẹ́ abẹ lónìí, tí wọ́n sì ń fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ líle yí ibẹ̀ ká kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan àpò náà.