“Kì í ṣe fún jíjẹ ènìyàn”: kí ni àkọlé ara àpò oúnjẹ ajá ń wí gan-an?

Garawa mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, n'Ìkòròdú. Fíìdì adìẹ wà nínú ọ̀kan, oúnjẹ ẹja wà nínú èkejì, oúnjẹ ajá wà nínú ẹ̀kẹta, èyí tí mo máa ń wọ̀n ní kílò-kílò fún àwọn tí owó wọn ò ká odindi àpò. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lọ́nà Ìjẹ̀dé wá ra kílò kan. Bí mo ṣe ń so ọ̀rá rẹ̀, ó mú hóró kan, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un wómúwómú. Ó ní, “Ìyá Onífíìdì, ẹ má bínú o. Ṣé nǹkan yìí lè pa èèyàn ni? Torí mo ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo rí òyìnbó kan lórí fóònù tó ní púrótéènì inú ẹ̀ pọ̀ gan-an, pé òun kì í ra ẹran mọ́.”

Mi ò fi í rẹ́rìn-ín. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míràn wọ̀ ọ́, èmi náà sì ti tọ́ ọ wò rí. Ó dà bíi bisikíìtì tó ti gba atẹ́gùn, iyọ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan, ọ̀rá ẹran kan á wá lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, èèyàn á mu omi tì. Mo sọ fún un pé ẹ̀kúnwọ́ kan ò lè pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ló wà lára àpò náà tí àwọn tó ń tà á pàápàá kì í ṣàlàyé. Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe fún jíjẹ ènìyàn. Èkejì ni “complete and balanced”, ìyẹn ni pé ó pé, ó sì wà déédéé.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n ń sọ pé májèlé ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní “feed grade” ni wọ́n ń tọ́ka sí, èmi sì máa ń pè é ní ipò fíìdì. Oúnjẹ tó bá wà ní ipò fíìdì, òfin oúnjẹ ẹranko ló tẹ̀ lé láti ibi tí wọ́n ti kó èròjà rẹ̀, ọkọ̀ tó gbé e, ilé tí wọ́n kó o sí, títí dé orí ẹ̀rọ tó dì í. Kò sẹ́ni tó fi ojú oúnjẹ èèyàn wò ó lójú ọ̀nà. Ẹran inú rẹ̀ lè dára, ó sì lè má dára. Àwa tí a fẹ́ jẹ ẹ́ ò sí nínú ìwé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo àgbàdo. Bí àgbàdo bá bu, èbu náà máa ń ní oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àgbàdo tí èèyàn máa jẹ kò gbọdọ̀ ní oró yìí ju ìdá 20 nínú bílíọ̀nù kan lọ. Àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ màlúù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé ìpẹran lè ní tó 300. Àgbàdo kan náà ni lójú, àpò kan náà, àwọ̀ kan náà. Ti ajá àti ológbò dúró sórí 20 bíi tiwa, nítorí náà kì í ṣe gbogbo fíìdì ló rí bákan náà. Èyí ni mo ṣe máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ bíi pé ohun kan ṣoṣo ni “fíìdì”.

Àwọn òyìnbó tó ń bẹ̀rù oúnjẹ ajá, ẹ̀yà ara ẹran inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà: ẹ̀dọ̀fóró, ìfun, kíndìnrín, orí ẹja, ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú ìyá olóúnjẹ ní Sábó, tó ní kí wọ́n bu fùkù, ṣàkì àti abọ́dì sí i fún òun, kí wọ́n fi pọ̀ǹmọ́ kan lé e, kí ló fẹ́ máa bẹ̀rù nínú àkọsílẹ̀ yẹn? Ẹ̀yà ara kọ́ ni ìṣòro. Bí ẹran náà ṣe kú ni kí ẹ béèrè. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin wọn ní ẹran tí wọ́n bá fi ṣe oúnjẹ ajá gbọ́dọ̀ wá láti ara ẹranko tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà pípa, tí wọ́n sì rí i pé èèyàn lè jẹ ẹ́, kó kàn jẹ́ pé apá tí wọn kì í jẹ níbẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àjọ FDA, àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fi gbójú kúrò lára ẹran tó kú fúnra rẹ̀, tí wọ́n sè títí ọ̀rá fi yọ, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ sínú oúnjẹ ẹranko. Àpò méjì láti ilẹ̀ méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú mi níbí, kí ìtàn wọn má jọra rárá.

Bí ẹ bá rí “human grade”, ìyẹn ipò oúnjẹ èèyàn, lára àpò, ó yàtọ̀ sí èyí. Àjọ AAFCO, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ fíìdì l'Amẹ́ríkà láti ọdún 1909, sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ọ́ àfi bí gbogbo èròjà rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ṣe é bá bá òfin oúnjẹ èèyàn mu. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń wá oúnjẹ ọ̀pọ́.

Ẹ jẹ́ ká dé orí “complete and balanced”, torí ibẹ̀ ni ọmọkùnrin yẹn ti ṣìnà.

Ní nǹkan bí ọdún 1860, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ James Spratt lọ tajà ní London. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó rí àwọn ajá létí èbúté tí wọ́n ń jẹ bisikíìtì líle tí àwọn atukọ̀ jù nù, ló bá ronú kan bisikíìtì ajá. Ẹ ò rí nǹkan. Oúnjẹ èèyàn ló kọ́kọ́ di ti ajá. Bẹ́ẹ̀, bisikíìtì yẹn gan-an ni àwọn atukọ̀ ń fi oṣù mélòó kan jẹ lójú agbami, òun pẹ̀lú ẹran oníyọ̀, tí eyín wọn á máa mì, tí ẹ̀jẹ̀ á máa jáde nínú èrìgì wọn, tí ọgbẹ́ tó ti san tipẹ́ á tún la ẹnu. Scurvy ni àìsàn náà, àìsí fítámì C ló ń fà á. Lọ́dún 1747, dókítà kan nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Lind, kó atukọ̀ 12 tó ní in jọ, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì ń fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní nǹkan ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tó fún ní ọsàn àti òróǹbó wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ dìde.

Ajá tó bá bá wọn jẹ bisikíìtì yẹn kò ní kó àìsàn náà. Ẹ̀dọ̀ ajá ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀dọ̀ tiwa kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó bá ṣe oúnjẹ ajá láìfi fítámì C sí i kò jalè, kò purọ́. Ó pé fún ajá. Ẹni tó bá ń fi í ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ láìfi èso tàbí ẹ̀fọ́ kún un, láàárín oṣù kan sí mẹ́ta, èrìgì rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Ajá ni wọ́n jókòó ṣírò fún, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Púrótéènì tí òyìnbó orí fóònù ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? AAFCO ní oúnjẹ ajá tó ti dàgbà, bí a bá yọ omi ara rẹ̀ kúrò, kò gbọdọ̀ dín ní 18 nínú 100. Ti ọmọ ajá jẹ́ 22.5. Ẹ̀wà gbígbẹ tiwa ń lọ sí bíi 23. Mo sọ fún ọmọ yìí pé kó gba ìsàlẹ̀ lọ sí Ìta Ẹlẹ́wà, orúkọ àdúgbò náà ti sọ ọ́ tán. Ká sọ tòótọ́, kílò oúnjẹ ajá tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, bí mo ṣe ń tà á, ó wọ́n ju kílò ẹ̀wà lọ. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ torí pé ó pọ́, ìṣirò rẹ̀ ò bára mu.

Ohun tó ń já mi láyà jù kò sí nínú garawa ajá rárá, garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Fíìdì adìẹ tó ní oògùn máa ń ní ohun tí wọ́n fi ń dènà àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nínú ìfun adìẹ. Ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni monensin. Adìẹ ń jẹ ẹ́, kò sí nǹkan kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń pa ẹṣin, ó sì léwu fún ajá àti èèyàn náà. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà kan, agolo kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bu gbogbo garawa. Èyí tí wọ́n bá fi bu ti adìẹ tán, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣì ń funfun lára agolo, òun náà ni wọ́n á rì bọ ti ajá. Ọjọ́ tí mo dá ti ara mi sílẹ̀, agolo mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rà, mo fi òwú àwọ̀ mẹ́ta dì í lọ́rùn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ má tọ́ èyí tí wọ́n bù nínú garawa wò, títí kan tèmi.

Kòkòrò àìsàn tún wà. Ooru inú ẹ̀rọ tó ń tẹ hóró náà jáde máa ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti gbẹ ni wọ́n ń wọ́n ọ̀rá àti omi ẹ̀dọ̀ sí i lára kí ajá lè fẹ́ràn rẹ̀. Bí nǹkan bá bà á lẹ́yìn ìyẹn, kò sí iná mọ́ tó máa pa á. Lọ́dún 2012, kòkòrò Salmonella láti inú oúnjẹ ajá gbígbẹ kan mú èèyàn 49 l'Amẹ́ríkà àti Kánádà. Èèyàn ò tiẹ̀ nílò kó jẹ ẹ́ kó tó mú un: bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, tí kò fọ ọwọ́, ó tó. Ọwọ́ tí ẹ fi bu oúnjẹ Bíńgò, ẹ má tíì fi ki ẹ̀bà.

Àwọn kan máa sọ pé ṣé ó ti wá rí bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà oúnjẹ ẹranko àti ti oúnjẹ èèyàn ò lè pàdé. Wọ́n máa ń pàdé. Bí àwọn yàrá àyẹ̀wò ṣe ń wọn púrótéènì ni pé wọ́n ń wọn náítírójìn inú oúnjẹ, wọ́n á wá fi ìyẹn ṣírò. Àwọn ẹlẹ́tàn kan ní Ṣáínà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì da melamine, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àwo oníke, sínú ìyẹ̀fun wíìtì. Náítírójìn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ̀rọ àyẹ̀wò á ní púrótéènì ni. Ìyẹ̀fun yẹn wọ inú oúnjẹ ajá àti ológbò. Lóṣù Kẹta ọdún 2007, iléeṣẹ́ kan ní Kánádà kó agolo àti ọ̀rá oúnjẹ bíi mílíọ̀nù 60 kúrò lọ́jà, nígbà tí kíndìnrín àwọn ẹran náà ti ń dákẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọgbọ́n ẹ̀tàn kan náà yọ nínú mílíìkì ọmọ ìkókó ní Ṣáínà: ọmọ mẹ́fà kú, nǹkan bí 300,000 ló ṣàìsàn. Ológbò ló kọ́kọ́ sunkún, a ò tètè gbọ́.

Ìdàkejì rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó le lọ́dún 2024, ìròyìn gbé e pé àwọn ará Òkè Ọya ń ra èérún ìrẹsì tí àwọn tó ń lọ ìrẹsì máa ń dà nù tàbí tà fún àwọn ọlọ́sìn ẹja. Afafata ni wọ́n ń pè é ní Haúsá. Ìrẹsì ni, kò sí oògùn nínú rẹ̀, òkúta àti èèpo ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Mi ò ní fi í wé oúnjẹ ajá. Ohun tí ẹja ń jẹ tẹ́lẹ̀, ìkòkò èèyàn ló bọ́ sí.

Adùn ńkọ́? Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí kan l'Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n lọ oúnjẹ ajá inú agolo kúnná, wọ́n gbé e sáàárín oríṣi ẹran lílọ̀ mẹ́rin tí èèyàn ń jẹ, wọ́n ní kí èèyàn 18 tọ́ ọ wò. Mẹ́ta péré ló dá ti ajá mọ̀. Ẹni tó bá dijú mú ọ̀kan lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè èyí tí kò dùn jù, ìdá 72 nínú 100 nawọ́ sí ti ajá. Ẹnu mọ̀ ọ́n, kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Bí ọmọ kékeré bá bu díẹ̀ jẹ nínú abọ́ ajá, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fún un lómi, ẹ wo àwọn hóró tó bá tóbi kó má bàa há a lọ́fun. Bí ìgbẹ́ gbuuru, èébì tàbí ibà bá wá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ló kàn, kí ẹ sì mú ọ̀rá oúnjẹ náà dání lọ.

Ọmọkùnrin náà gba ọ̀rá rẹ̀, ó san owó, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó ní, “Ti ológbò ńkọ́, mà?” Mo ní ìyẹn tún burú sí i. Àwa lè fi ohun tó wà nínú epo pupa ṣe fítámì A, ológbò ò lè ṣe é, nítorí náà fítámì A gidi ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀; bí ìyẹn bá pọ̀ jù lára èèyàn, ẹ̀dọ̀ ló ń lọ jókòó sí, aboyún ò sì gbọdọ̀ fi ṣeré. Wọ́n tún ń fi taurine, èròjà kan tí ọkàn nílò, sí i, torí lọ́dún 1987 ni àwọn onímọ̀ rí i pé ológbò tí kò bá rí i jẹ tó, ọkàn rẹ̀ máa ń wú, á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ara tiwa ń ṣe taurine fúnra rẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó mi orí. Ó ní òun ò tiẹ̀ ní ológbò, òun kàn ń béèrè ni.