Ẹ̀dá Inú Géèmù Tó Ń Rántí Ẹni

Bí ènìyàn bá ń jẹ àmàlà lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan ṣoṣo ní Bódìjà fún oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìyá olóúnjẹ náà yóò ti bu gbẹ̀gìrì lé ewédú fún un kí ó tó la ẹnu, tí yóò sì bi í pé, “A ò rí yín lánàá, ṣé kò sí?” Gbólóhùn kan péré ni, síbẹ̀ òun ni yóò mú kí oníbàárà náà kọjá níwájú ilé oúnjẹ mẹ́rin kí ó tó jókòó lọ́la. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, tó mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ni àwọn tó ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà tí ayé inú rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, láàárín àwọn ará ìlú inú géèmù tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń darí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú ẹ̀dá náà ni àṣírí rẹ̀ wà: bí awọ ara rẹ̀ bá ń dán, tí irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní ó ti di ènìyàn nìyẹn. Èrò yìí kò tọ́. Géèmù Skyrim, tó jáde ní 2011, ní gbólóhùn tó lé ní 60,000 tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé rántí jù nínú wọn ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé arìnrìn-àjò ni àwọn náà tẹ́lẹ̀, kí ọfà tó ba àwọn ní orúnkún. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan sọ ọ́, ìtàn ìgbésí ayé ni. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ mìíràn tún un sọ ní ìlú kejì, ó di ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi hàn pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ó dára kí ẹ̀dá ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kò kan ẹni tó ń gbá géèmù náà. Géèmù Ultima V ti ń ṣe èyí láti 1988: àwọn ará ìlú ń jí, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń sùn ní àsìkò. Àkọsílẹ̀ wákàtí àti ibi tó yẹ kí oníkálukú wà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà kì í sì í sábà dààmú ara rẹ̀ lórí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ìgbà tí ẹni tó ń gbá géèmù bá ń sún mọ́ ìlú ni yóò gbé alágbẹ̀dẹ sídìí ẹwìrì rẹ̀. Oblivion fẹ́ kọjá èyí ní 2006, ó fún àwọn ẹ̀dá ní ohun tí wọ́n ń fẹ́, ó sì ní kí wọ́n wá a fúnra wọn. Àwọn tó ṣe é ròyìn pé nígbà ìdánwò, àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún pa ẹni tó ń tà á fún wọn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹni tó ń gbá géèmù dé, kò bá ẹni tí a rán an sí láàyè mọ́. Wọ́n ní láti dín òmìnira náà kù.

Ìrántí ni ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Nínú kọ̀ǹpútà, ìrántí ẹ̀dá kan kò ju nọ́ńbà mélòó kan lọ, bí ìgbà tí alájọ bá ń fàlà sórí káàdì: ó ràn mí lọ́wọ́, ó jí ìṣúra mi, ó pa ẹ̀gbọ́n mi. Fallout: New Vegas, ti ọdún 2010, ṣe ohun ọgbọ́n kan níbí tó yẹ kí gbogbo géèmù kọ́. Káàdì méjì ló ń lò fún ìlú tàbí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún oore, èkejì fún ibi, oore kò sì lè pa ibi rẹ́. Ẹni tó bá mọ agboolé ńlá kan ní Ọjẹ́ tàbí Bẹẹrẹ yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Ọmọ ilé tó ra páànù tuntun sórí ilé ẹbí, tó sì tún bú mọ́gàjí níwájú àlejò, kì í padà di ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Wọn yóò dúpẹ́ páànù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà òjò, wọn yóò sì máa wo ẹnu rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra nígbà ìpàdé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, irú èyí tí Morrowind lò ní 2002 láti 0 dé 100, kò lè sọ èyí láé, nítorí ó ka ẹni tó ṣe rere àti ibi púpọ̀ sí àlejò pátápátá.

Ìrántí wọ́n, ìdí nìyẹn tí kò fi pọ̀. Ohunkóhun tí ẹ̀dá bá rántí gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde kí ó tó wúlò, a sì gbọ́dọ̀ ti kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ ṣáájú, kí a sì gba ohùn rẹ̀. Shadow of Mordor, ti ọdún 2014, borí èyí dáadáa: ọ̀gágun ọ̀tá tó bá pa ẹni tó ń gbá géèmù yóò gba oyè, yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, èyí tí a bá sun níná lè padà wá pẹ̀lú àpá iná lójú. Ó dunni pé ní 2021, Warner Bros., iléeṣẹ́ tó gbé géèmù náà jáde, gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ (patent) lórí ètò náà ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ẹlòmíràn fi ń bẹ̀rù láti sún mọ́ ọn.

Àbùkù tó wà káàkiri jù ni ti ìtanràn. Nínú Oblivion àti Skyrim, olè lè san owó fún ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n gba ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìlú sì máa kí i bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ta ló bẹ ẹni tó ni ẹrù? Bí ènìyàn bá da agbọ̀n tòmátì ìyá kan nù ní Ọjà Ọba, tí ó sì lọ sanwó fún ọlọ́pàá, kò tíì débi ìyá náà. Kingdom Come: Deliverance, tó jáde ní 2018, ti ń wá sí ọ̀nà yìí, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ojú tó fi ń wo ẹni tó ń gbá a, tí àwọn ará ìlú sì ń sọ̀rọ̀ sí i bí aṣọ rẹ̀ bá dọ̀tí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ̀dá tí a óò máa bẹ̀, tí yóò kọ̀ lónìí, tí yóò gbà lọ́la nítorí ẹni tó bá wa bẹ̀ ẹ́, kò tíì wọ́pọ̀ nínú géèmù kankan.