Ohun Tó Ń Pinnu Ọjọ́ Tí Wọ́n Ń Gbin Ànàmọ́ ní Agbègbè Ọ̀fà

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn àgbẹ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìjàgbò, Ọ̀fà àti Ìpéé: ṣé òjò ti dé ni, àbí ó kàn yà kí wa ni? Alágbàdo ló ni ìbéèrè yẹn. Ẹni tó fẹ́ gbin ànàmọ́, ìgbà tí òjò máa lọ ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè, kó wá máa ka oṣù padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ọ̀fà ti lókìkí ànàmọ́, síbẹ̀ àríyànjiyàn lórí "bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é" àti "ohun tí rédíò wí" ṣì máa ń gba ọ̀nà tí kò lọ sí oko.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ojú ọ̀run Ọ̀fà náà sì ní ìjàkadì tirẹ̀. Atẹ́gùn méjì ló wọ ọ́. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, òun ló ń kó ọyẹ́ wá. Èkejì ń ti orí òkun bọ̀, omi ló rù. Lẹ́yìn ọyẹ́, ti òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ti aṣálẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyí tí Èkó fi ń rí òjò ṣáájú Ọ̀fà, tí Ọ̀fà náà sì ń rí i ṣáájú Kàyámà. Òjò tó bá rọ̀ kí ọ̀kan tó dá èkejì, òjò oníjì ni: ààrá, ẹ̀fúùfù tó ń ṣí páànù, kó rọ̀ ní Erin-Ilé kó má kan Ìlẹ́mọ̀nà. Bó bá lọ tán, oòrùn lè ràn fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ẹ̀kán kan. Nínú oṣù karùn-ún ló tó máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òjò ọdún kan ní Ìlọrin máa ń tó nǹkan bí 1,200 mílímítà. Oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ló ń pọ̀ jù. Láàárín méjèèjì, láti ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹjọ, ó máa ń dẹwọ́, kó tó tún bẹ̀rẹ̀, kó sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nínú oṣù kẹwàá.

Àmì tí àwọn àgbà ń wò kì í ṣe àròsọ. Èsúnsún kì í jáde àfi bí ilẹ̀ bá ti mu omi dé inú ilé ikán, nítorí náà, alẹ́ tí èsúnsún bá rọ́ bo gílóòbù, òjò tó rọ̀ ti wọlẹ̀ díẹ̀ nìyẹn. Bí ìrì bá ń wúwo lórí koríko láàárọ̀, tí ètè kò sì ya mọ́, atẹ́gùn òkun ti gòkè dé. Igi emi ní tirẹ̀, inú ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ń tanná. Kí èso rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nílẹ̀, ìgbà òjò ti rinlẹ̀. Ẹni tó mọ àwọn àmì wọ̀nyí wò kò ní tètè sọ àgbàdo rẹ̀ nù sínú eruku. Àmọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ. Kò sí èsúnsún tó mọ ọjọ́ tí òjò máa dáwọ́ dúró.

Àmì tó léwu ni èyí tí wọ́n so mọ́ ọdún. "Bí a bá ti ṣe Iléyá tán, a ó gbin ànàmọ́" lè bọ́ sí i fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kó tó di ìṣìnà. Òṣùpá ni kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ń tẹ̀lé, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ọdún oòrùn lọ. Iléyá ọdún 2015 bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án. Ti ọdún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Òjò kò bá a ṣí kiri. Àwọn òyìnbó náà kò gbẹ́yìn nínú irú èyí. Ní Ireland, ọjọ́ Patrick Mímọ́, 17 oṣù kẹta, ni àwọn kan fi ń gbin pòtétò wọn, àwọn mìíràn sì ń dúró de Ọjọ́ Ẹtì Rere tó ṣáájú Àjíǹde. Ọjọ́ Ẹtì yìí lè bọ́ sí ibikíbi láti 20 oṣù kẹta sí 23 oṣù kẹrin, ó lé ní oṣù kan gbáko, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí òtútù máa dẹ̀ lára ilẹ̀ ni ohun tí pòtétò ń dúró dè. Pòtétò tiwọn yẹn, ibi tó tutù ló ń fẹ́, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé apá Jos ló ti ń ṣe dáadáa ní Nàìjíríà, tí ooru Kwara kò sì bá a lára mu. Ànàmọ́ tiwa kò bẹ̀rù ooru. Omi ni ẹjọ́ tirẹ̀, àti ìtàkùn.

Ìtàkùn gan-an ni aago àkọ́kọ́. Ànàmọ́ kò dà bí iṣu tí wọ́n ń gé ẹbu rẹ̀ pa mọ́ sí abà. Ìtàkùn tútù ni wọ́n ń gbìn, kò sì sí ìtàkùn tútù lóko ní oṣù kẹta. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú díẹ̀ gbẹ, màlúù ti jẹ ìyókù. Èyí tó bá ṣẹ́kù, inú àkùrọ̀ lẹ́bàá odò bí Ọ̀yun ló wà, tàbí ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, tàbí kó jẹ́ àwọn ọmọ ànàmọ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú ebè èṣí, tí òjò àkọ́kọ́ á jí. Ìwọ̀nba yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbilẹ̀ ná. Bí ebè gígùn bá fi mítà kan jìnnà síra, tí ìtàkùn sì fi 30 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra lórí rẹ̀, hẹ́kítà kan ṣoṣo á gbé ìtàkùn tó lé ní 33,000. Kò sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ tó máa pèsè ìyẹn lọ́sàn-án kan. Oṣù kan ààbọ̀ sí méjì ni ìtàkùn nílò láti pọ̀ tó. Òjò oṣù kẹrin, iṣẹ́ ìtàkùn ló wà fún. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń fi ànàmọ́ sẹ́yìn iṣu àti àgbàdo, yàtọ̀ sí pé àwọn lébìrà kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè iṣu lọ́wọ́.

Aago kejì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ànàmọ́ tó yára ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta, èyí tó pẹ́ ń gba mẹ́rin sí márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n kì í fi ṣeré, torí ìgbà náà ni gbòǹgbò ń yàn bóyá òun á ta tàbí òun á wà bí okùn. Bí ilẹ̀ bá gbẹ ní àsìkò náà, gbòǹgbò á le, á ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù, òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà kò sì lè tún un ṣe mọ́. Ewé nìkan ló máa bù kún. Bí ó bá di ìparí, ọ̀rọ̀ yí padà: omi púpọ̀ á mú kó rà tàbí kó tún máa yọ ọ̀mùnú. Ilẹ̀ tó gbẹ díẹ̀ ló dára fún wíwà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá gbẹ débi pé ebè ń la, kòkòrò ti rí ọ̀nà. Kòkòrò ànàmọ́ kò lágbára láti gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀. Ojú ibi tó là yẹn ló ń gbà wọlé lọ yé ẹyin sára ànàmọ́. Ìdin rẹ̀ á lu inú ànàmọ́ náà káàkiri, á sì korò, ewúrẹ́ pàápàá á máa fi imú gbọ́n ọn nù.

Ká wá ka oṣù. Ká ní òjò máa lọ ní ìparí oṣù kẹwàá. Ànàmọ́ olóṣù mẹ́rin tí wọ́n gbìn ní àárín oṣù kẹfà á tó wà ní àárín oṣù kẹwàá, ìdẹwọ́ òjò oṣù kẹjọ á sì bá a lẹ́yìn tí gbòǹgbò rẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Èyí tí wọ́n gbìn ní àárín oṣù keje, inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ìdẹwọ́ náà máa ká a mọ́. Èyí tí wọ́n gbìn ní ìparí oṣù kẹjọ bọ́ lọ́wọ́ ìdẹwọ́, ṣùgbọ́n àfi kó jẹ́ irú tó yára, nítorí ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n tó máa wà á, nígbà tí ilẹ̀ ti ń la. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn oṣù keje torí pé iṣẹ́ àgbàdo ti fúyẹ́. Ìṣirò yìí kò gbè wọ́n, àfi lọ́dún tí oṣù kẹjọ bá rọ̀ dáadáa.

Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ irú ọdún bẹ́ẹ̀? Ibí ni iṣẹ́ NiMet ti wọlé, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú-ọjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde. Lára ohun tí wọ́n ń wò ni bí omi òkun Pàsífíìkì ṣe gbóná sí, nítorí ooru ibẹ̀ máa ń ti òjò Áfíríkà síwá sẹ́yìn, wọ́n á sì fi wé àkọsílẹ̀ àwọn ọdún tó ti kọjá. Ọjọ́ tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa lọ, iye ọjọ́ tó wà láàárín, àti bí òjò náà ṣe máa pọ̀ tó, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń mẹ́nu ba ìdẹwọ́ oṣù kẹjọ. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń dì mú lẹ́nu rédíò. Èyí tó kù, tó jẹ́ ti alánàmọ́ gan-an, kì í sábà dé ìsọ̀ ọtí tàbí iwájú mọ́sáláṣí.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń wí náà kì í ṣe àkọ́rọ̀. Òṣùwọ̀n kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni pé kí òjò tó 20 mílímítà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ má sì ṣẹlẹ̀ nínú 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ tó rí òjò ní oṣù kẹta tó wá ń sọ pé NiMet parọ́, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jọ ń wọ̀n. Àsọtẹ́lẹ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: agbègbè ńlá ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kò mọ oko tí òjò máa fò dá. Àwòrán kùrukùru orí fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ lórí òjò oníjì. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, tí wọ́n gbé sí gbangba lóko, pẹ̀lú rúlà ọmọléèwé, á sọ iye mílímítà tó bọ́ sórí ilẹ̀ ẹni.

Ọwọ́ ló sì ń parí ọ̀rọ̀ náà. Òjò lè mú ojú ebè dúdú kí ọkàn rẹ̀ ṣì jẹ́ eruku, pàápàá ebè tí wọ́n fi ilẹ̀ gbígbẹ kọ, tí ògúlùtu rẹ̀ kò tíì fọ́. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ebè títí dé nǹkan bí àárín apá, wọ́n á bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n á fún un mọ́wọ́. Bó bá dì mú láìkán omi, ó tó. Bó bá tú bí gàrí, kí ìtàkùn ṣì wà níbi tó wà. Bí ilẹ̀ bá gbà, orí ìtàkùn ni wọ́n ń gé, 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan sí méjì kí ojú kókó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòǹgbò, wọ́n á sì gbìn ín nírọ̀lẹ́, kí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wọlẹ̀.

Ẹni tí gbogbo ìṣirò yìí bá dojú rú mọ́ lọ́wọ́ ṣì ní àkùrọ̀. Nígbà tí omi bá ti fà kúrò létí odò ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, wọ́n á kọ ebè síbẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ á sì gbé ànàmọ́ náà dé oṣù kẹta, nígbà tó bá ti wọ́n lọ́jà. Ìtàkùn ibẹ̀ kan náà ni àwọn olóko òkè máa wá rà ní ìdì-ìdì bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀.